Àdánù, Òfò àti Àjẹkù: Orúkọ Tí Ó Yẹ Oúnjẹ Tí Kò Dé Ẹnu

Ní Ìjù-Odò, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹni tí ó bá fa ẹ̀gẹ́ tu ní òwúrọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ náà wà nínú ilẹ̀, kò sí ìkánjú. Ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ó ti gbó, kí ó má sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a bá ti fà á tu, tí àdá sì ti dá egbò sí i lára, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta péré ni ó ní. Ìlà dúdú bí aró yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú ara rẹ̀ funfun, kò sì ní í pẹ́ mọ́ tí kò fi ní í ṣe é jẹ, tí kò sì ní í ṣe é tà. Bí ọkọ̀ kò bá dé, bí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́, tàbí bí ẹ̀rọ tí ó ń rin ẹ̀gẹ́ bá dẹnu kọlẹ̀, ààtàn ni ẹrù náà ń lọ.

Kí ni kí olùkọ́ pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí? Ṣé kí ó sọ pé àgbẹ̀ náà fi oúnjẹ ṣòfò ni, tàbí pé ó pàdánù oúnjẹ? Bí ilé kan ní ìlú ńlá bá sì se ìkòkò ìrẹsì kan, tí wọ́n jẹ ìdajì rẹ̀, tí wọ́n da ìdajì tí ó kù nù ní ọjọ́ kejì, ṣé orúkọ kan náà ni ó yẹ ìyẹn?

Ìbéèrè yìí lè dà bí àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ lásán, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, ẹni tí ó fi nǹkan ṣòfò ni à ń pè ní àpà, a sì ń bá a wí. Ẹni tí ó pàdánù, à ń bá a kẹ́dùn ni, a sì ń wá ọ̀nà láti ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, orúkọ tí a bá fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni yóò sọ ẹni tí a óò yíjú sí, àti irú àtúnṣe tí a óò wá.

1. Ohun tí ayé ń kà, àti bí ó ṣe ń kà á

Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pinnu pé, kí ó tó di ọdún 2030, àwọn yóò dín oúnjẹ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi ṣòfò lọ́dọ̀ àwọn alátùntà àti nínú ilé kù sí ìdajì, àwọn yóò sì dín èyí tí ó ń sọnù láti oko títí dé ọjà kù. Ìpinnu kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni ó dárúkọ. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ya ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti la àwọn ènìyàn lọ́yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ méjèèjì náà ni ó sì wà nínú orúkọ ọjọ́ náà.

Àwọn àjọ méjì ni ó pín kíkà rẹ̀ láàárín ara wọn. FAO, àjọ tí ó ń mójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ń ka oúnjẹ tí ó sọnù lẹ́yìn ìkórè kí ó tó dé ọwọ́ alátùntà. Ó fojú bù ú sí nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. UNEP, àjọ tí ó ń mójú tó àyíká, ń ka èyí tí a dà nù lọ́dọ̀ alátùntà, ní ilé oúnjẹ àti nínú ilé. Ìròyìn tí àjọ yìí gbé jáde ní ọdún 2024 sọ pé ní ọdún 2022, oúnjẹ tí a dà nù báyìí ní gbogbo ayé tó 1.05 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Bí a bá pín in fún gbogbo ènìyàn, ó jẹ́ kílò 132 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Kílò 79 nínú rẹ̀ ni ó sì ti inú ilé jáde. Èyí fi hàn pé ilé ìdáná ni ó ń da oúnjẹ nù jù, kì í ṣe ọjà, kì í sì í ṣe ilé oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ náà kan àyíká gidigidi. Oúnjẹ tí ó sọnù àti èyí tí a fi ṣòfò ni a ka ìdá 8 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn afẹ́fẹ́ tí ó ń mú ayé móoru sí lọ́rùn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Oko ẹ̀gẹ́ kan máa ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án sí méjìdínlógún kí ó tó gbó. Igbó tí a ṣán, iná tí a sun, epo tí ọkọ̀ jó láti gbé e dé ọjà, gbogbo rẹ̀ ni ó bá ẹ̀gẹ́ tí ó bàjẹ́ lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀gẹ́ náà yóò tún jẹrà lórí ààtàn, yóò sì tú afẹ́fẹ́ tirẹ̀ jáde.

Bí olùtúmọ̀ bá wá fi “ìfiṣòfò” túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì nínú ìpinnu ọdún 2015, òǹkàwé Yorùbá yóò gbà pé àṣìṣe kan náà ni àgbẹ̀ àti ìyá ilé ṣe. Yóò máa gba àgbẹ̀ ní ìmọ̀ràn pé kí ó má ṣe jẹ́ àpà mọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀nà tí ó dára àti ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ ni ohun tí àgbẹ̀ náà ṣe aláìní. Bákan náà ni yóò máa kẹ́dùn pẹ̀lú ẹni tí ó se oúnjẹ ju bí ó ti yẹ lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwọ̀n àti ìrònú nìkan ni ó kù fún onítọ̀hún. Èdè Yorùbá ní “àdánù,” ó sì ní “òfò.” Kò sí ìdí tí a óò fi da méjèèjì pọ̀.

2. Ẹ̀gẹ́, àti ọgbọ́n tí àwọn ará Ìkálẹ̀ fi ń dènà àdánù

Àwọn ará Potogí ni wọ́n mú ẹ̀gẹ́ wá sí etí òkun Áfíríkà láti ilẹ̀ Brazil, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Lónìí, kò sí orílẹ̀-èdè tí ó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn tí ó wá láti òkèèrè yìí ní ìṣòro méjì tí ó gba ọgbọ́n. Àkọ́kọ́ ni pé kì í tọ́jọ́ tí ó bá ti kúrò nínú ilẹ̀, nítorí pé omi ni ó ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Èkejì ni pé májèlé wà nínú rẹ̀: bí a bá gé e tàbí tí a bá rin ín, èròjà kan tí ń jẹ́ linamárìn yóò túká, yóò sì tú sáyánáìdì jáde. Ẹ̀gẹ́ tí ó korò ní èyí púpọ̀ ju èyí tí kò korò lọ.

Ó yẹ kí olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣàkíyèsí pé ìlà dúdú tí ó kọ́kọ́ ń yọ nínú ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ìjẹrà. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni ó gba ojú egbò wọlé, tí ara ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ sì ń dá a lóhùn, tí àwọ̀ rẹ̀ fi ń yí padà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn kòkòrò àìfojúrí yóò tó wọlé, ìyẹn sì ni ìjẹrà gan-an. Ìpele méjì ni, ó sì yẹ kí wọ́n ní orúkọ méjì. A lè pe ti àkọ́kọ́ ní “ìdúdú-inú,” kí a sì fi “ìjẹrà” sílẹ̀ fún èkejì. Ìwúlò ìyàtọ̀ yìí ni pé ohun tí ó ń dènà ọ̀kan kì í fi gbogbo ìgbà dènà èkejì: ẹni tí ó bá rọra wa ẹ̀gẹ́ tí kò ṣe é léṣe ti dín ìdúdú-inú kù, kí ó tó di pé ó ronú kan kòkòrò rárá.

Ọ̀nà tí àwọn Yorùbá gbà dènà àdánù ẹ̀gẹ́ kò ju mẹ́rin pàtàkì lọ. Wọ́n ń rin ín, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ nínú àpò kí omi rẹ̀ lè ro dànù, wọ́n á sì yan án ní gàrí. Wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì lò ó ní tútù bíi fùfú. Wọ́n ń rẹ ẹ́, wọ́n á sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ní láfún. Ọ̀nà kẹrin, tí ó jẹ́ ti àwọn ará Ìkálẹ̀ àti àwọn ará Ìlàjẹ tí wọ́n jọ pààlà, ni púpurú.

Bí a ti ń ṣe púpurú nìyí. A óò bẹ èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò, a óò rẹ ẹ́ sínú omi fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀. A óò yọ okùn inú rẹ̀ kúrò, a óò fún omi rẹ̀ dànù, a óò sì ṣù ú ní róbótó róbótó. A óò to àwọn ìṣù náà sórí àjà tí ó wà lókè iná, kí ooru àti èéfín lè gbẹ wọ́n. Ìta ìṣù náà yóò dúdú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ yóò wà ní funfun. Nígbà tí a bá fẹ́ lò ó, a óò ha èyí tí ó dúdú kúrò, a óò gún inú rẹ̀, a óò jọ̀ ọ́, a óò sì fi omi gbígbóná ro ó bí wọ́n ti ń ro àmàlà.

Kí ló dé tí àwọn ará Ìkálẹ̀ kò fi sá ẹ̀gẹ́ tiwọn sí oòrùn bí àwọn aláfún? Ojú ọjọ́ ni ìdáhùn. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà nínú igbó kìjikìji, kò sì jìnnà sí ọ̀sà àti òkun. Òjò ibẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì kún fún ọ̀rinrin ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Ohun tí a bá sá síta lè bu kí ó tó gbẹ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé gbígbẹ wọ inú ilé, sí orí iná tí wọ́n ti ń dá fún oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan náà ni ó wà nínú ìkòkò méjì tí Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan láti ilẹ̀ Haúsá, bẹ̀rẹ̀ sí í pín fún àwọn ará Jigawa. Ìkòkò amọ̀ kan wà nínú èkejì, iyanrìn tútù sì wà láàárín wọn. Bí omi inú iyanrìn ti ń fẹ́ lọ, inú ìkòkò náà yóò tutù, ewébẹ̀ yóò sì tọ́jọ́. Ó ṣiṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀ nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ. Bí a bá gbé e wá sí Ìjù-Odò ní oṣù keje, agbára rẹ̀ yóò dín kù, nítorí pé omi kì í tètè fẹ́ lọ nínú afẹ́fẹ́ tí ó ti kún fún omi. Ọgbọ́n ìtọ́jú oúnjẹ ní láti bá ojú ọjọ́ ibi tí a ti fẹ́ lò ó mu.

3. Kíkan kì í ṣe bíbàjẹ́

Níbi rírẹ ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìwé ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ lò. Ẹ̀gẹ́ tí ó ti wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin ń rùn, ó sì ti rọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó wà nínú omi náà ni wọ́n ń sọ ìyẹ̀fun rẹ̀ di èròjà kíkan. Ìkan yìí ni kò sì jẹ́ kí àwọn kòkòrò tí ó lè ṣe ènìyàn ní ibi ráyè. Nínú iṣẹ́ yìí kan náà ni linamárìn ti ń túká, tí májèlé sáyánáìdì fi ń bá omi àti afẹ́fẹ́ lọ. Ohun tí ó dà bí ìbàjẹ́ ni ó ń sọ ẹ̀gẹ́ di oúnjẹ.

Nítorí náà, “ìmúkan” ni ó yẹ kí a pe iṣẹ́ yìí, nígbà tí ènìyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tí ó sì mọ ìgbà tí yóò dá a dúró. Ìmúkan ni iṣẹ́ ẹni tí ń ṣe ògì, fùfú, láfún àti púpurú. Kì í ṣe ìjẹrà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò àìfojúrí ni ó ń ṣe méjèèjì. Olùkọ́ tí ó bá pe méjèèjì ní “ìbàjẹ́” ti gba ìmọ̀ kan lọ́wọ́ ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń rẹ ẹ̀gẹ́ nílé.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá ń lò fún oúnjẹ tí ó ti yí padà péye ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ọbẹ̀ a máa kan. Búrẹ́dì a máa bu, àgbàdo àti ẹ̀pà pẹ̀lú a máa bu. Èso a máa rà. Ẹran àti ẹja a máa dìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ń sọ ohun tí ó ṣe oúnjẹ náà, ó sì ń tọ́ka sí ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ohun tí ó bu, irú olú kéékèèké kan ni ó hù lára rẹ̀. Ní ọdún 1960, àwọn tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà tí ó bu ṣe. Ìwádìí lórí ikú wọn ni a fi mọ májèlé tí a ń pè ní afilatọ́síìnì. Sísè kì í pa májèlé yìí run tán. Ẹ̀pà tí ó bu kò ṣe é tún ṣe, ẹni tí ó bá sì dà á nù kì í ṣe àpà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrẹsì tí a sè tí a sì fi sílẹ̀ nínú ooru láti ọ̀sán mọ́jú. Bakitéríà kan, Bacillus cereus, lè pọ̀ sí i nínú rẹ̀, kí ó sì tú májèlé tí ìgbóná kì í mú kúrò. Àṣà gbígbé ọbẹ̀ kaná ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ dára, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ lọ́wọ́ òfò; ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ọbẹ̀ mu lè má bá ìrẹsì mu. Dídín òfò kù kò túmọ̀ sí jíjẹ ohun tí yóò ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ó túmọ̀ sí pé kí a se ìwọ̀n tí ó tó, kí a sì tètè tọ́jú èyí tí ó kù.

4. Àjẹkù àti olúwa rẹ̀

Òwe Yorùbá kan sọ pé, àjẹkù là ń mayò. Àwọn kan ti fi òwe yìí gbe àṣà dída oúnjẹ nù lẹ́sẹ̀, pé bí kò bá ṣẹ́ kù, a kò tíì yó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ilé tí òwe náà ti jáde. Nínú agbo ilé àtijọ́, àjẹkù ní olúwa. Èyí tí bàbá bá jẹ kù jẹ́ ti àwọn ọmọ. Èyí tí àwọn ọmọ bá jẹ kù jẹ́ ti ajá àti adìyẹ. Èèpo iṣu àti ti ẹ̀gẹ́ jẹ́ ti ewúrẹ́ àti àgùntàn. Èyí tí ẹran kò bá jẹ yóò lọ sí ààtàn ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ewébẹ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò ti fi ṣe ajílẹ̀. Oúnjẹ ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n kò ṣòfò.

Ohun tí ó yí padà kì í ṣe òwe bí kò ṣe ilé. Níbi tí kò ti sí adìyẹ, tí kò sí ewúrẹ́, tí ẹ̀yìnkùlé ti di kọnkéré, àjẹkù kò ní olúwa mọ́. Inú ọ̀rá ni a ń dì í sí, pẹ̀lú ike àti agolo, ó sì ń lọ sí ibi tí ohunkóhun kò ti lè lò ó. Ibi ayẹyẹ ni èyí ti hàn jù, níbi tí a ti ń bu oúnjẹ fún àlejò láìbi í bí ebi ti ń pa á tó. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí “àjẹkù” ní ipò tirẹ̀ láàárín àwọn èdè-ìperí yìí. Kò tíì di òfò. Ó wà ní ojú òpópónà méjì, ohun tí ilé bá sì ṣe sí i láàárín wákàtí díẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di oúnjẹ ọ̀la, oúnjẹ ẹran, ajílẹ̀, tàbí òfò.

5. Èèpo, ààtàn àti afẹ́fẹ́

Èèpo kì í ṣe oúnjẹ ènìyàn, ṣùgbọ́n àjọ UNEP ń ka èèpo àti egungun mọ́ ohun tí a dà nù. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ iye tí àjọ náà kọ sílẹ̀ láìṣì í, a ní láti ní ọ̀rọ̀ kẹrin. “Pàǹtí oúnjẹ” yóò ṣe iṣẹ́ yìí: apá tí ó bá oúnjẹ dé ilé ìdáná, tí a kò sì pète láti jẹ.

Níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe púpurú tàbí gàrí, òkè èèpo kì í pẹ́ ga. Òkìtì yìí ń jẹrà ní ọ̀nà méjì. Níta, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i, ó ń di ilẹ̀dú. Nínú lọ́hùn-ún, níbi tí èèpo tútù ti dì mọ́ra tí afẹ́fẹ́ kò lè wọlé, irú kòkòrò àìfojúrí mìíràn ni ó ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ mítéènì sì ni ó ń tú jáde. Bí a bá fi ìwọ̀n kan náà mítéènì wé kábọ́ọ̀nù oníọ́síjìn-méjì fún ọgọ́rùn-ún ọdún, mítéènì ń mú ayé móoru ní nǹkan bí ìlọ́po 28. Olùkọ́ lè pe ti àkọ́kọ́ ní “ìjẹrà ojú-afẹ́fẹ́,” kí ó sì pe èkejì ní “ìjẹrà àìláfẹ́fẹ́.” Ẹni tí ó bá ti gbọ́ orúkọ méjèèjì ti mọ ohun tí ó yẹ kí òun ṣe sí ààtàn: kí ó tẹ́ èèpo náà fẹ̀, kí ó da ewé gbígbẹ mọ́ ọn, kí ó sì máa yí i padà.

Ọ̀nà tí ó tún dára ju èyí lọ ni kí èèpo má dé ààtàn rárá. Àwọn tí ń sin ewúrẹ́ mọ̀ pé kí a kọ́kọ́ sá èèpo ẹ̀gẹ́ kí a tó fi fún ẹran, nítorí pé májèlé sáyánáìdì wà nínú èèpo tútù ju inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní ìlú Ìbàdàn, ní ọgbà IITA tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, mú ìmọ̀ yìí tẹ̀síwájú: wọ́n ń rin èèpo, wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n sì ń gbẹ ẹ́ ní kíá. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń di tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ ẹran. Rínrin, fífún àti gbígbẹ: iṣẹ́ tí ìyá oníṣẹ́ gàrí ti ń ṣe sí inú ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí ara èèpo.

Kò sí ọgbọ́n tí kò ní ohun tí ó ń náni, púpurú pàápàá ní tirẹ̀. Igi ni ó ń jó, èéfín rẹ̀ sì ń wọ ojú àti àyà ẹni tí ó dúró tì í. Bí a bá dènà àdánù ẹ̀gẹ́ tí a sì pàdánù igbó àti ìlera, a kò tíì jèrè. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ àti onímọ̀ ẹ̀rọ ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà ti ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe lè gbẹ púpurú nínú ẹ̀rọ. Ohun tí ó ṣòro níbẹ̀ ni pé òórùn èéfín náà jẹ́ ara ohun tí àwọn tí ń jẹ púpurú fẹ́ràn. Onímọ̀ tí kò bá bá àwọn tí ń ṣe é sọ̀rọ̀ ní èdè wọn lè ṣe ẹ̀rọ tí ó dára tí ẹnikẹ́ni kò ní í lò.

6. Àwọn èdè-ìperí tí ọ̀rọ̀ yìí ń béèrè

Láti ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, mójú tó ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni. Oúnjẹ àti àyíká kò sí lára iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí jẹ́ àbá fún àlàfo náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, ààlà ìtumọ̀ wọn nìkan ni a pa.

Àdánù oúnjẹ: oúnjẹ tí ó sọnù tàbí tí ó bàjẹ́ láti ìgbà ìkórè títí kí ó tó dé ọwọ́ alátùntà.

Ìfiṣòfò oúnjẹ: dída oúnjẹ tí ó ti dé ọwọ́ alátùntà, ilé oúnjẹ tàbí agbo ilé nù.

Òfò oúnjẹ: oúnjẹ tí a dà nù bẹ́ẹ̀.

Àjẹkù: oúnjẹ tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn jíjẹ, tí ó ṣì wúlò.

Pàǹtí oúnjẹ: èèpo, egungun, eegun ẹja àti irú wọn, tí a kò pète láti jẹ.

Ìdúdú-inú: ìyípadà àwọ̀ inú ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ti wọlé, kí kòkòrò tó débẹ̀.

Ìmúkan: mímọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí sọ oúnjẹ di kíkan kí ó lè tọ́jọ́ tàbí kí ó lè ṣe é jẹ.

Ìjẹrà ojú-afẹ́fẹ́ àti ìjẹrà àìláfẹ́fẹ́: ìjẹrà níbi tí ọ́síjìn wà, àti ìjẹrà níbi tí kò sí.

Ohun kan ṣì kù tí kò ṣe é ṣe ní orí tábìlì. Ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ ní àwọn ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ púpurú, láti ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá wọ omi títí di ìgbà tí ìṣù bá kúrò lórí àjà. Ó yẹ kí a kó wọn jọ lẹ́nu àwọn ìyá tí ń ṣe é kí a tó dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. Ìjù-Odò ni ìlú Olúṣẹ́gun Agagu, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ọdún 2003 sí 2009. Yunifásítì ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2008, tí ó wà ní Òkìtìpupa, sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ilé ìwádìí kò jìnnà sí ààrò púpurú. Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì lè jọ lò ni ó kù.

Olùkọ́ kò ní láti dúró de ìgbà náà. Ó lè ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ohun tí ó ń jáde nílé wọn fún ọjọ́ méje, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ mẹ́rin: àdánù, òfò, àjẹkù, pàǹtí. Ọmọ àgbẹ̀ yóò rí i pé ti ilé òun pọ̀ lábẹ́ orúkọ kìíní, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba yóò sì rí i pé ti ilé òun pọ̀ lábẹ́ èkejì. Nígbà tí wọ́n bá wá bi ara wọn léèrè ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, wọn kò ní í dáhùn bákan náà. Ọ̀kan yóò béèrè fún ọ̀nà, fún ẹ̀rọ àti fún àjà tí kò ní èéfín. Èkejì yóò béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ ìdí tí ìkòkò ìrẹsì ilé wọn fi tóbi tó bẹ́ẹ̀.